Ìgbẹ́ àgùntàn ní ìsàlẹ̀ adágún: bí ẹrẹ̀ ṣe ń sọ ìtàn àwọn darandaran ayé àtijọ́

Bí ẹnikẹ́ni bá dárúkọ DNA láàrin wa, ọ̀rọ̀ "ta ni bàbá ọmọ yìí" ló máa ń kọ́kọ́ wá síni lọ́kàn. Ìdí nìyẹn tí ìròyìn kan tó jáde ní ìparí ọdún 2021 fi lè rú èèyàn lójú. Ìròyìn náà ní àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì rí DNA àgùntàn nínú ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ adágún kan ní erékùṣù Faroe ní àríwá Òkun Àtìláńtíìkì, pé láti nǹkan bí ọdún 500 Sànmánì Kristẹni ni àgùntàn ti wà níbẹ̀, àti pé nítorí èyí, kì í ṣe àwọn Viking, ìyẹn àwọn atukọ̀ ayé àtijọ́ láti àríwá Yúróòpù, ló kọ́kọ́ tẹ ibẹ̀ dó. Wọn ò rí egungun. Wọn ò rí ìwo, wọn ò rí irun. Ẹrẹ̀ lásán ni wọ́n gbé jáde.

Ṣé àgùntàn kan ló kú sínú omi ni? Báwo ni ohun tó ti ara ẹran jáde ṣe máa wà lábẹ́ omi fún 1,500 ọdún tí kò ní pòórá? Ta ló sì ń ka ọdún fún ẹrẹ̀? Ó yẹ kí èèyàn béèrè, mo sì fẹ́ dá àwọn ìbéèrè náà lóhùn níkọ̀ọ̀kan, torí pé ọ̀nà ìwádìí yìí ti ń jẹ́ ká mọ ohun púpọ̀ nípa àwọn àgbẹ̀ àti darandaran tí kò sẹ́ni tó kọ orúkọ wọn sínú ìwé kankan.

Kí ni DNA, kí sì ni gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ adágún?

Èèyàn o, ẹran o, koríko o, igi o, sẹ́ẹ̀lì ni wọ́n fi mọ ara gbogbo wọn, ìyẹn àwọn yàrá tíntìntín tí ojú lásán ò lè rí. Inú sẹ́ẹ̀lì ni okùn tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà, ó ká jọ wálákí. Okùn yìí ni DNA. Lẹ́tà mẹ́rin péré ló wà lára rẹ̀, A, C, G àti T, àmọ́ bí wọ́n ṣe tò tẹ̀lé ara wọn ló ń mú kí àgùntàn jẹ́ àgùntàn, kí màlúù sì jẹ́ màlúù. Àyẹ̀wò tí a mọ̀ jù nílé wa ń fi ti ọmọ wé ti bàbá. Àyẹ̀wò inú ẹrẹ̀ ò wá bàbá ẹnikẹ́ni. Ohun tó ń béèrè kò ju pé: kí ló ni ègé okùn yìí? Ṣé ẹran ni àbí ewéko, irú wo sì ni?

Ní ti gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀, ẹni tó bá ti sẹ́ ògì rí ti mọ̀ ọ́n. O sẹ́ ògì tán, o gbé e kalẹ̀, nígbà tí ilẹ̀ bá fi máa mọ́, ògì á ti lọ jókòó sí ìsàlẹ̀, omi rẹ̀ á sì ti tòrò lókè. Ohun tí adágún ń ṣe nìyẹn, àmọ́ tirẹ̀ kì í parí. Òjò á rọ̀, àgbàrá á gbá erùpẹ̀, ewé jíjá àti ìgbẹ́ ẹran wọ inú omi, wọ́n á rì, ti ọdún yìí á sì gun orí ti èṣí. Bí ohunkóhun ò bá rú ìsàlẹ̀ adágún náà, èyí tó wà nísàlẹ̀ pátápátá ló pẹ́ jù lọ. Ẹ rántí àpótí aṣọ ìyá àgbà tí ẹnikẹ́ni ò tú rí: aṣọ ìgbéyàwó wọn ló wà nísàlẹ̀, ańkárá tí wọ́n rà ní ọdún tó kọjá ló wà lókè. Ẹni tó bá ń ká aṣọ náà jáde ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan ń padà sẹ́yìn nínú ayé wọn ni.

Báwo ni DNA àgùntàn ṣe ń dé inú omi, kí ló dé tí kì í jẹrà tán?

Àgùntàn ò nílò kó kú sínú adágún. Ẹran tó bá ń jẹko létí omi á máa yàgbẹ́, á máa tọ̀, irun rẹ̀ á máa já. Sẹ́ẹ̀lì inú ìfun rẹ̀ á máa bá ìgbẹ́ jáde. Tí òjò bá rọ̀, àgbàrá á gbá gbogbo rẹ̀ lọ sódò. Bákan náà ni ti koríko àti igi: ewé wọn ń já, gbòǹgbò wọn ń jẹrà, omi ń gbé wọn lọ.

Ó ń jẹrà o, ká má parọ́. Èyí tó pọ̀ jù lọ ló ń ṣègbé, torí pé àwọn kòkòrò àìfojúrí ń jẹ ẹ́, omi pàápàá ń gé e. Àmọ́ DNA máa ń lẹ̀ mọ́ amọ̀ kúnná, èyí tó bá sì ti lẹ̀ mọ́ amọ̀ kì í tètè bàjẹ́. Tí amọ̀ náà bá rì sí ìsàlẹ̀ adágún tó tutù, tó ṣókùnkùn, tí afẹ́fẹ́ ọ́síjìn kò dé, díẹ̀ nínú rẹ̀ á kù. Òtútù ló ṣe pàtàkì jù nínú gbogbo èyí. Ní ọdún 2022, àwọn olùwádìí gbé DNA jáde láti inú ilẹ̀ Kap København ní àríwá Greenland, níbi tí ilẹ̀ ti dì bíi yìnyín. Ọdún tó ti wà níbẹ̀ tó mílíọ̀nù méjì.

Èyí tó kù yìí kì í ṣe odindi okùn. Ó ti já sí wẹ́wẹ́, ọ̀pọ̀ ègé náà kì í sì í gùn tó ọgọ́rùn-ún lẹ́tà, nígbà tó jẹ́ pé ẹgbẹẹgbẹ̀rún mílíọ̀nù lẹ́tà ló wà lára odindi okùn àgùntàn. Ṣé ègé kékeré bẹ́ẹ̀ wúlò? Ó wúlò. Ẹni tó bá gbọ́ ẹyọ ọ̀rọ̀ kan péré láti ẹ̀yìn ògiri, "Òpómúléró", ti mọ ìdílé tí wọ́n ń kì. Kò dìgbà tó bá gbọ́ oríkì náà dé ìparí. Àwọn olùwádìí mọ ibi tí "Òpómúléró" ti àgùntàn wà lára okùn rẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n ń wá.

Ta ló ń ka ọdún fún ẹrẹ̀?

Ọ̀nà kan ni kábọ́ọ̀nù. Gbogbo ohun tó ń hù àti ohun tó ń jẹ ohun tó ń hù ló ń gba oríṣi kábọ́ọ̀nù kan tí wọ́n ń pè ní kábọ́ọ̀nù 14 sára. Ọjọ́ tó bá kú ni kò gbà mọ́. Láti ọjọ́ yẹn, èyí tó wà lára rẹ̀ á máa dín kù ní ìwọ̀n tí kì í yí padà: tó bá di nǹkan bí 5,730 ọdún, ìdajì ló máa kù. Ó jọ àpò gàrí tí a mọ iye tó wà nínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀, tí a sì mọ bí wọ́n ṣe ń bù ú. A kàn máa wo èyí tó kù ni, a ó sì mọ ìgbà tí wọ́n ti ń jẹ ẹ́ bọ̀. Nítorí náà, tí wọ́n bá rí ègé ewé tàbí ẹ̀ka igi wẹ́wẹ́ nínú ẹrẹ̀, wọ́n á wọn kábọ́ọ̀nù tó kù lára rẹ̀.

Ọ̀nà kejì ni eérú, èmi sì fẹ́ràn rẹ̀ gan-an torí pé kò ṣòroó yé èèyàn. Òkè ayọnáyèéfín kan bú gbàmù ní Iceland ní ọdún 877, atẹ́gùn sì gbé eérú rẹ̀ sọdá òkun. Eérú náà bọ́ sínú adágún Faroe, ó sì tẹ́ sílẹ̀ bí àtíkè. Ẹrẹ̀ tó bá wà lábẹ́ eérú yẹn ti wà ṣáájú ọdún 877, èyí tó bá wà lórí rẹ̀ ló dé lẹ́yìn rẹ̀. Kò sí àríyànjiyàn níbẹ̀.

Ìròyìn máa ń sọ "ọdún 500" bí ẹni pé ẹnì kan jókòó kọ ọjọ́ náà sílẹ̀. Ohun tí ìwádìí náà sọ gan-an ni pé 500 ló wà láàárín, àti pé ó dá wọn lójú dáadáa pé ọdún náà ò kúrò láàárín 370 sí 610. Ó fẹ̀, àmọ́ ẹ wò ó dáadáa: 610 pàápàá ṣì fi ọdún tó lé ní igba ṣáájú ìgbà tí àwọn Viking dé, ní àárín ọ̀rúndún kẹsàn-án.

Kí ni wọ́n ń ṣe sí ẹrẹ̀ náà?

Ọkọ̀ ojú omi kékeré ni wọ́n ń gbé lọ sórí adágún. Wọ́n á ti páìpù gígùn wọnú ẹrẹ̀ nísàlẹ̀, wọ́n á fà á jáde pẹ̀lú ẹrẹ̀ nínú rẹ̀, wọ́n á sì dí ẹnu rẹ̀ méjèèjì. Nígbà tí wọ́n bá délé, wọ́n á la páìpù náà gbọọrọ bí ẹni la ọparun. Ilà ilà ni ojú ẹrẹ̀ inú rẹ̀ máa ń rí: ibì kan dúdú, ibì kan pọ́n bí erùpẹ̀ ojú ọ̀nà, ibì kan ní ewéko tó ṣì rí bí ewéko. Wọn kì í fọwọ́ kan ojú yẹn. Wọ́n á kọ́kọ́ fi abẹ tó mọ́ tónítóní họ ọ́ kúrò, torí pé nígbà tí páìpù ń wọlẹ̀, ó ti wọ́ ẹrẹ̀ òkè mọ́ ti ìsàlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́. Àárín gbùngbùn ni wọ́n ti ń bu èyí tí wọ́n fẹ́, kò sì ju ìwọ̀n ẹ̀pà mélòó kan lọ. Tí wọ́n bá bu ti ibì kan tán, wọ́n á pààrọ̀ abẹ, wọ́n á pààrọ̀ ìbọ̀wọ́, kí wọ́n tó dé ibi tó kàn. Ẹni tó ń ṣe é ti fi aṣọ bo ara rẹ̀ láti orí dé ẹsẹ̀, ó sì ti bo imú àti ẹnu, torí pé itọ́ tó ta síbẹ̀ nígbà tó ń sọ̀rọ̀ lè ní DNA ju gbogbo ẹrẹ̀ ọ̀hún lọ.

Lẹ́yìn èyí, wọ́n á fi kẹ́míkà yọ DNA kúrò lára amọ̀. Níwọ̀n bí èyí tí wọ́n máa rí ti kéré, wọ́n á sọ ọ́ di púpọ̀ pẹ̀lú PCR. Ẹ ti gbọ́ orúkọ yìí rí. Òun ni àyẹ̀wò tí wọ́n ń ṣe fún àwọn tó fẹ́ wọ bàálù nígbà Kòrónà. Iṣẹ́ kan náà ló ń ṣe níbí: ó ń wá ègé kan pàtó, bó bá sì rí i, á ṣe ẹ̀dà rẹ̀ lọ́nà mílíọ̀nù. Wọ́n á wá ka àwọn lẹ́tà náà, wọ́n á sì fi wé èyí tó wà ní àkójọ fún àwọn ẹran àti ewéko tí a mọ̀.

Ohun kan wà tí ìròyìn kì í sábà mẹ́nu kàn. Láti ọdún 2007 ni wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ jáde pé DNA màlúù, ẹlẹ́dẹ̀ àti adìyẹ máa ń wà nínú kẹ́míkà tí wọ́n ń lò fún PCR gan-an. Èèyàn lè "rí" màlúù nínú adágún tí màlúù ò dé rí! Nítorí náà, gbogbo ìwádìí gidi ló máa ń ní ìgò òfìfo: wọ́n á ṣe gbogbo iṣẹ́ náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin láìfi ẹrẹ̀ kankan sí i. Bí màlúù bá jáde nínú ìgò òfìfo, a jẹ́ pé inú kẹ́míkà ló ti wá. Ìwádìí tí kò bá ní ìgò òfìfo, èmi ò ní gbà á gbọ́.

Ara DNA fúnra rẹ̀ tún máa ń sọ ọjọ́ orí rẹ̀. Tó bá ti pẹ́, lẹ́tà C tó wà ní etí ègé náà máa ń bàjẹ́ débi pé ẹ̀rọ á kà á sí T. Nínú ìwádìí tí wọ́n bá ti ka gbogbo ègé inú ẹrẹ̀ dípò kí wọ́n wá ẹyọ kan, wọ́n lè wo ìbàjẹ́ yìí. Ègé tí etí rẹ̀ ṣì pé pérépéré lè jẹ́ ti àná.

Kí ni wọ́n rí ní Faroe gan-an?

Erékùṣù 18 ni Faroe, wọ́n wà nínú Òkun Àtìláńtíìkì láàárín Norway àti Iceland. Adágún tí wọ́n lọ ń jẹ́ Eiðisvatn, ó wà lórí erékùṣù Eysturoy. Etí adágún yìí náà ni Argisbrekka wà, níbi tí àwọn awalẹ̀pìtàn ti hú abà àwọn darandaran ìgbà Viking jáde, ìyẹn ibi tí wọ́n ń da ẹran lọ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Lorelei Curtin àti William D'Andrea, tí wọ́n ṣiṣẹ́ ní ibùdó ìwádìí Lamont-Doherty ti Yunifásítì Columbia ní Amẹ́ríkà, wà lára àwọn tó ṣe ìwádìí náà.

Lábẹ́ eérú ọdún 877, wọ́n ń lọ sísàlẹ̀ díẹ̀díẹ̀, àgùntàn ṣì ń hàn. Nígbà tó di nǹkan bí ìdajì mítà sínú ẹrẹ̀, ó dáwọ́ dúró. Nísàlẹ̀ ibẹ̀, kò sí àgùntàn kankan mọ́ fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún.

Ìdí tí èyí fi lágbára ni pé Faroe ò ní ẹran ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin tirẹ̀ kí èèyàn tó dé ibẹ̀. Òkun yí i ká, ó sì jìnnà. Àgùntàn ò lè lúwẹ̀ẹ́ débẹ̀. Ibi tí àgùntàn bá ti wà níbẹ̀, ẹnì kan ló fi ọkọ̀ ojú omi gbé e wá. Bí DNA àgùntàn kan náà bá jáde ní adágún orí ilẹ̀ tí àwọn ìbátan rẹ̀ inú igbó ti ń jẹ̀ kiri, àríyànjiyàn á pọ̀.

Àwọn ẹlẹ́rìí mìíràn tún bá a sọ̀rọ̀ kan náà. Ìfun ẹran máa ń ṣe oríṣi ọ̀rá kan tó ń bá ìgbẹ́ jáde, tí kò sì jọ DNA rárá. Ó pọ̀ sí i lójijì ní ìpele kan náà. Ní ti ewéko, DNA koríko pọ̀ sí i, ti àwọn igi kéékèèké sì pòórá. Ẹni tó bá ti rí ibi tí àgùntàn àti ewúrẹ́ ti jẹ̀ pẹ́ mọ ohun tó ṣẹlẹ̀: ẹran jẹ ọ̀mùnú igi títí igi ò fi lè dìde mọ́. Ní ọdún 2013, kí ìwádìí adágún yìí tó jáde, àwọn awalẹ̀pìtàn ti rí hóró ọkà bálì tó jóná lábẹ́ ilé Viking kan ní Á Sondum, lórí erékùṣù Sandoy, ọkà náà sì ti wà ṣáájú àwọn Viking. Ọkà bálì kì í hù níbẹ̀ fúnra rẹ̀. Èèyàn ló ń gbìn ín.

Tí wọ́n bá ní DNA nìkan ló tú àṣírí yìí, ẹ má gbà. Eérú ló mú ọdún náà dúró, ọ̀rá inú ìgbẹ́ jẹ́rìí sí DNA, ọkà bálì sì jẹ́rìí sí gbogbo wọn.

Ibo ló yẹ ká ti ṣọ́ra?

DNA tó pọ̀ nínú ẹrẹ̀ kò túmọ̀ sí ẹran tó pọ̀. Ó lè jẹ́ pé òjò ńlá gbá ilẹ̀ ní ọdún náà, tàbí pé àwọn darandaran sún àgbàlá ẹran súnmọ́ omi. Bí DNA ò bá sì sí, ìyẹn náà ò fi hàn pé ẹran ò sí. Ó lè ti jẹrà tán, ẹran sì lè máa jẹ̀ ní ẹ̀yìn òkè, níbi tí àgbàrá rẹ̀ kò ti ṣàn wọ adágún yìí. Ilẹ̀ tí omi rẹ̀ ń ṣàn wọ inú rẹ̀ nìkan ni adágún ń ròyìn. Ègé kúkúrú kì í sì í fi gbogbo ìgbà ya àwọn ìbátan sọ́tọ̀: bálì àti wíìtì súnmọ́ ara wọn débi pé àmì tí wọ́n sábà ń wá lára ewéko kì í fi bẹ́ẹ̀ mọ ìyàtọ̀ wọn.

Síbẹ̀, ó lè yanjú ìjà tó ti pẹ́. Ní adágún Anterne, lórí òkè Alps ní Faransé, níbi tó ga ju mítà 2,000 lọ, ẹrẹ̀ fi hàn pé ìgbà kan wà tí àgbàrá wó ilẹ̀ gan-an. Ṣé ojú ọjọ́ ló fà á ni, àbí èèyàn? Ìwádìí kan tó jáde ní ọdún 2014 wo DNA inú ẹrẹ̀ náà, ó sì rí i pé ìgbà tí àgùntàn àti màlúù pọ̀ lórí òkè náà, ní òpin Sànmánì Irin àti nígbà ìjọba Róòmù, ni ilẹ̀ wó jù. Wọ́n gé igi, wọ́n da ẹran sí i jù, ilẹ̀ sì ṣàn lọ.

Ṣé a lè ṣe é ní adágún tiwa?

Ooru ni ìṣòro. DNA ń yára bàjẹ́ nínú omi tó lọ́wọ́ọ́wọ́, torí náà iṣẹ́ yìí le ní ọ̀dọ̀ wa ju ti Faroe lọ. Ìyẹn ò ní kí ẹrẹ̀ wa ya odi. Ní adágún Sélé, ní gúúsù orílẹ̀-èdè Bénin, lẹ́búlẹ́bú inú òdòdó tó rì sínú ẹrẹ̀ ni wọ́n kà, ìyẹn èyí tí atẹ́gùn àti oyin ń gbé kiri, tí èèpo rẹ̀ sì le débi pé kì í tètè jẹrà. Lára rẹ̀ ni wọ́n ti rí i pé igbó kìjikìji bo ibẹ̀ tẹ́lẹ̀, àti pé ó jẹ́ nǹkan bí 4,500 ọdún sẹ́yìn ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í já, tí pápá ọ̀dàn fi gba àárín rẹ̀. Pápá ọ̀dàn yẹn wà níbẹ̀ dòní.

Ta ló wá kó àgùntàn náà dé Faroe?

Ibí yìí ni DNA tí a mọ̀, ti "ta ni bàbá", tún wọlé. Wọ́n ti ṣàyẹ̀wò àwọn ará Faroe tó wà láàyè: ọ̀pọ̀ jù lọ bàbá ńlá wọn wá láti Scandinavia, ìyẹn ilẹ̀ àwọn Viking, ọ̀pọ̀ jù lọ ìyá ńlá wọn sì wá láti Britain àti Ireland. Ó dùn ún gbọ́, àmọ́ kò sọ ìgbà. Àwọn Viking lè ti kó àwọn obìnrin náà dání nígbà tí wọ́n ń bọ̀. Ẹ̀jẹ̀ sọ ẹni tó wá, ẹrẹ̀ sọ ìgbà tí wọ́n wá, kò sì sí èyí tó lè ṣe iṣẹ́ èkejì.

Mọ́ńkì ará Ireland kan, ìyẹn ẹni ẹ̀sìn tó ya ara rẹ̀ sọ́tọ̀ fún Ọlọ́run, tó ń jẹ́ Dicuil kọ̀wé ní ọdún 825. Ó ní àwọn erékùṣù kéékèèké kan wà ní àríwá Britain tí àwọn adánìkangbàdúrà láti Ireland ti gbé fún ohun tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọgọ́rùn-ún ọdún, tí wọ́n sì sá kúrò nígbà tí àwọn olè ojú omi láti àríwá dé, tó fi jẹ́ pé àgùntàn tí kò níye àti ẹyẹ òkun ló kù síbẹ̀. Kò dárúkọ àwọn erékùṣù náà. Ọ̀rọ̀ tó wà nínú orúkọ Argisbrekka, "argi", tó túmọ̀ sí abà darandaran, inú èdè Gaelic ti Ireland àti Scotland ló ti wá. Bí ẹrẹ̀ Eiðisvatn bá sọ òtítọ́, ẹnì kan tilẹ̀ ti da ẹran níbẹ̀ fún nǹkan bí igba ọdún kí àwọn tí Dicuil ń sọ tó débẹ̀.

Àwọn olùwádìí wá àmì àwọn tó kọ́kọ́ débẹ̀ nínú ẹrẹ̀ náà. Àmọ́ DNA èèyàn tí wọ́n bá rí níbẹ̀ lè jẹ́ èyí tó ti ọwọ́ àwọn tó gbé ẹrẹ̀ náà wá, torí náà kò ṣeé kà mọ́ ẹ̀rí.